Ẹ̀bẹ̀ Tó Ṣáájú Ẹ̀sùn

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni, Adèle kò tíì fi omi bọ́jú, nígbà tó ṣílẹ̀kùn tó bá ọkùnrin méjì nílẹ̀ níwájú ilé rẹ̀.

Ọ̀kan dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kan ilẹ̀, imú kan ilẹ̀. Modeste Fájọbí nìyẹn, katekísì ìjọ Kátólíìkì abúlé náà, ọkùnrin tó gan bí òpó igi tíìkì, tí kò tẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Èkejì, Gérard eléédú, kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, ó fi ọwọ́ ti ìbàdí. Ìgò ọtí sódábì wà níwájú wọn. Adìyẹ kan tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò náà, òun ló sì ń sọ̀rọ̀ jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Gérard wúkọ́. Òun ni alágbàsọ abúlé. Bí ọkọ bá na ìyàwó, bí ewúrẹ́ bá jẹ àgbàdo onígbàdo, òun ni wọ́n ń mú lọ bẹ̀bẹ̀. Ohùn rẹ̀ dùn débi pé àwọn kan máa ń ṣẹ̀ kí wọ́n ṣáà lè gbọ́ ọ.

"Ìyá wa, ẹ wo ojú Ọlọ́run, ẹ má wo ti ọmọ. Elvis ọmọ katekísì kò mọ ohun tó ń ṣe ni. Ẹ jẹ́ kó parí nílé níbí. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí dé etí àwọn jàndámù."

"Ẹ̀rọ wo?" Adèle bi í.

Adìyẹ dákẹ́.

"Ẹ̀rọ... ẹ̀rọ ìlọgbàdo yín, Ìyá wa."

"Kí ló ṣe ẹ̀rọ ìlọgbàdo mi?"

Modeste gbé imú kúrò nínú erùpẹ̀, ó wo Gérard. Gérard wo ìgò sódábì bí ẹni pé ìgò náà ló yẹ kó dáhùn.

Adèle kì í ṣí ilé ẹ̀rọ lọ́jọ́ Àìkú. Ọjọ́ Olúwa ni, opó ni, ẹgbẹ́ akọrin ló wà. Ó gbá ìró mú, ó sáré gba ẹ̀yìnkùlé. Àgádágodo ti já, ó ń rọ̀ dirodiro lẹ́nu ilẹ̀kùn. Nínú ilé, ibi tí ẹ̀rọ náà máa ń jókòó sí bí ọba, àbàwọ́n òróró dúdú nìkan ló kù lórí sìmẹ́ńtì.

Wọ́n ní wọ́n gbọ́ igbe rẹ̀ dé ìlú Akparé. Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn jàndámù, ọlọ́pàá ìgbèríko, gbọ́ ọ, torí pé kí agogo ìsìn tó dún, wọ́n ti fa Elvis jáde lórí ẹní tó sùn sí, wọ́n ti de ọwọ́ rẹ̀, abúlé sì ti to sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n ń ṣépè fún un.

Ẹ ò rí nǹkan? Wọ́n jalè, olóhun kò tíì mọ̀, wọ́n ti wá bẹ̀ ẹ́.

*

Lọ́jọ́ Ajé, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ọlọ́kadà níwájú àgọ́ jàndámù tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ńlá. Ó tóbi, ó gbé báàgì sábẹ́ abíyá, ó sì ti ń bá ọlọ́kadà náà jà kí ọ̀kadà tó dúró.

"O fẹ́ pa mí! Gbogbo kòtò ọ̀nà Atakpamé ni o kí lọ́kọ̀ọ̀kan!"

Geneviève Òkè nìyẹn. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá ni ní Lomé kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀gbọ́n Brigitte ni, ìyẹn ìyá Elvis. Brigitte ń sáré bọ̀, gèlè ti jábọ́ lórí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ọlọ́run ló rán yín!"

"Ọlọ́run kọ́. Ìwọ lo pè mí, ẹkún rẹ sì ti fẹ́ di mí létí. Nu imú. Ọmọ dà?"

"Ó wà nínú ilé. Wọ́n ní tó bá di ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ á gbé e lọ sí Atakpamé, sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba. Wọ́n ní láti ibẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni tààrà."

Modeste wà lábẹ́ igi máńgòrò, ó dúró gbọnrangandan nínú aṣọ ìsìn, kò kí ẹnikẹ́ni.

"Katekísì, ẹ káàárọ̀. Kí ni Elvis sọ?"

"Kí ló fẹ́ sọ? A ti bẹ̀bẹ̀."

"Mi ò bi yín léèrè ohun tí ẹ̀yin sọ. Ẹ ti bi ọmọ yín bóyá òun ló jí ẹ̀rọ náà?"

Modeste wo ọ̀nà ńlá, ó wo òkè Atakpamé lọ́ọ̀ọ́kán, kò rí ìrànlọ́wọ́ níbì kankan.

"Ọ̀rọ̀ ìtìjú ni, ẹ̀gbọ́n. Ojú ń tì mí láti bi í."

"Ojú ń tì yín láti bi í! Ojú ò tì yín láti dá a lẹ́bi níwájú adìyẹ!"

Brigitte rẹ́rìn-ín fọ̀ọ́. Modeste yíjú sí i.

"Ìwọ ń rẹ́rìn-ín? Ìwọ tí o fọ ṣòkòtò rẹ̀?"

"Ta ló fọ ṣòkòtò?" Ohùn Geneviève lọ sílẹ̀, ìyẹn sì burú ju ariwo lọ.

"Èmi ni," Brigitte ní. "Ó funfun láti ìbàdí dé ẹsẹ̀. Mo fọ̀ ọ́ láàárọ̀ Àìkú, torí aṣọ ìdọ̀tí kì í sùn nílé mi. Nígbà tí wọ́n wá mú un, ó wà lórí okùn, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Ajudan, ọ̀gá wọn, ní mo ti pa ẹ̀rí rẹ́, pé ìyẹ̀fun ilé ẹ̀rọ ni."

"Ó dára. Ìyá fọ ẹ̀rí, bàbá gbé ìjẹ́wọ́ lọ sílé olóhun. Ó kù kí ẹ̀yin méjèèjì ti ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n kí ẹ sì fún wọn ní kọ́kọ́rọ́. Kí lẹ tún sọ fún Ajudan?"

"Mo ní kó kọ ọ́ pé a gbà," Modeste ní, "kí wọ́n lè fi ojú àánú wò wá. Mo sì ní kí Elvis fọwọ́ sí i."

Geneviève jókòó sórí gbòǹgbò máńgòrò. Gbogbo ara rẹ̀ jókòó lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin méjèèjì. Lójúde Adèle, tí ẹ bá ní 'ẹ dárí jì wá', wọ́n á ní katekísì gbọ́n. Lójúde àwọn wọ̀nyí, tí ẹ bá ní 'ẹ dárí jì wá', wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé 'ó ní òun ló ṣe é'. Wọn ò ní kọ omijé yín mọ́ ọn. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹni nínú yín tó bá tún bẹ ẹnikẹ́ni, màá yọ eyín rẹ̀! Ẹ ti wá agbẹjọ́rò?"

"Agbẹjọ́rò?" Modeste bínú. "Kí wọ́n lè ní a fẹ́ jà? Ọ̀daràn ló ń gba agbẹjọ́rò."

"Ẹni tí wọ́n fẹ́ sọ di ọ̀daràn ló ń gbà á. Brigitte, gba nọ́ńbà yìí. Agbẹjọ́rò kan wà ní Atakpamé tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Pè é. Má sunkún sí i létí, kò ní í gbọ́ orúkọ abúlé."

*

Ajudan Florent, ọ̀gá àgọ́ náà, kò dìde nígbà tí Geneviève wọlé. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, irunmú rẹ̀ gún régé, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Ìyá, ibí kì í ṣe ọjà."

"Mo mọ̀. Nínú ọjà, wọ́n máa ń yẹ nǹkan wò kí wọ́n tó gbà á."

Ẹ̀pà há Ajudan lọ́fun. Ó wúkọ́, ó mumi, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Kí ló kù tí mi ò yẹ̀ wò? Bàbá rẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ìyá rẹ̀ fọ aṣọ. Gérard rí i ní àṣálẹ́ Sátidé tó ń ti púsípúsí, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kẹ́rù, ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀. Ọmọ náà ń kọ́ iṣẹ́ jórinjórin, ó mọ bí wọ́n ṣe ń tú irin. Bí mo bá sì bi í níbi tó wà, ó máa ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹjọ́ ti pé."

"Ẹ̀rọ dà?"

"Hẹn?"

"Ẹ̀rọ tí wọ́n jí. Ẹjọ́ ti pé, ẹ̀rọ dà?"

"A máa rí i," Ajudan ní, ó sì da ẹ̀pà tó kù sínú àpò. "Ẹ lọ rí ọmọ yín kí ẹ kúrò níwájú mi. Kí ó yá."

Elvis wà lórí bẹ́ǹṣì nínú yàrá tó gbóná bí ààrò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán ni, wọ́n ti gba bẹ́líìtì àti sálúbàtà lọ́wọ́ rẹ̀. Géńdé ni, èjìká rẹ̀ fẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wú.

"Ìwọ lo jí i?"

"Rárá, Màmá Àgbà."

"Níbo lo wà?"

"Mo wà níbì kan."

"Ibì kan náà ní orúkọ."

"Tí mo bá dárúkọ rẹ̀, bàbá mi kò ní í ṣe katekísì mọ́." Ó gbójú sókè. "Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbé mi lọ."

Geneviève pòṣé. "Mo ti ń ṣiyè méjì tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Modeste ni ọ́ lóòótọ́. Orí kunkun yẹn kì í ṣe ti ìdílé wa. Gbọ́: má fọwọ́ sí ìwé kankan tí o ò kà, bí bàbá rẹ tiẹ̀ kúnlẹ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́, ní o fẹ́ agbẹjọ́rò, kí o sì pa ẹnu dé. Dídákẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Irọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀."

Bó ṣe ń jáde, ojú rẹ̀ ṣèèṣì lọ sábẹ́ tábìlì Ajudan. Sálúbàtà Elvis ni. Láàárín awọ rẹ̀ àti ní gígísẹ̀, nǹkan funfun wà.

Geneviève tẹjú mọ́ ọn. Ìyẹ̀fun. Ọmọ náà wọ ilé ẹ̀rọ.

*

Lẹ́nu ọ̀nà ilé Adèle ni omi ìdọ̀tí ti kọ́kọ́ kí Geneviève. Wọ́n dà á sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an.

"Ẹ ṣìnà," Adèle ní. "Bí ẹ bá jẹ́ ará wọn, ẹ ṣìnà. Mi ò gba ẹ̀bẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ yẹn ni ọkọ, òun ni oko, òun ni ọmọ tó ń bọ́ mi!"

"Èmi ò wá bẹ̀bẹ̀. Mo wá wo ilé ẹ̀rọ."

"Kí ẹ lè fọ ilé náà bí aṣọ?"

Geneviève kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wọlé. Adèle tẹ̀lé e, ó ń bú u láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. Geneviève wo ilẹ̀. Ipa táyà púsípúsí wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn èrò tó wá wòran ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Pákó kan tí wọ́n gùn lé ṣẹ́ sí méjì.

"Ìwọ̀n ẹ̀rọ yẹn ńkọ́?"

"Nígbà tí wọ́n gbé e wá, ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e. Ọ̀kan nínú wọn kò tíì lè bẹ̀rẹ̀ dáadáa títí di òní."

"Àwọn tó bẹ̀ yín ńkọ́, ṣé wọ́n bẹ̀ yín dáadáa?"

"Dáadáa kẹ̀! Modeste dọ̀bálẹ̀, mi ò ní í parọ́. Gérard yẹn ló rí mi fín. Òun tó máa ń dọ̀bálẹ̀ bí ẹní fẹ́ wẹ odò! Ó kúnlẹ̀ sí mi bí pẹ́pẹ́yẹ tó fẹ́ yé ẹyin, ó fọwọ́ ti ìdí."

Geneviève yíjú wo ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ó ti fara ti ògiri, ìyẹ̀fun sì ti bo ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀. Ó gbọn ọ́n. Ó fò lọ pátá, bí èéfín. Ó tún fi ọwọ́ gbá ògiri, ó gbọn ọwọ́. Ó fò lọ.

"Kí lẹ ń ṣe?" Adèle pariwo. "Ṣé ẹ ń jó ni?"

"Ó kù díẹ̀," Geneviève ní. "Ẹ wọ bàtà, kí ẹ tẹ̀ lé mi. Ẹ máa bú mi lọ lójú ọ̀nà."

Adèle kò sì já a kulẹ̀.

*

Nígbà tí wọ́n padà dé àgọ́, Gérard ti wà níbẹ̀. Ó wọ dàńṣíkí tó mọ́, ó jókòó sórí àga, ó ń bá Modeste àti Brigitte kẹ́dùn.

"Ẹ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ sí i," ó ń sọ fún wọn. "Tó bá fọwọ́ sí i, ojú á rọ̀. Èmi fúnra mi á bá agbẹjọ́rò ìjọba sọ̀rọ̀. Ohùn mi kò tíì kùnà rí."

"Ohùn náà ni mo wá gbọ́," Geneviève ní. "Ajudan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú Elvis jáde. Gérard, ó di ọwọ́ rẹ. Kí lo rí ní Sátidé?"

Gérard bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bí ẹni tó gun orí ìtàgé. "Àṣálẹ́ ni. Mo ń ti oko bọ̀. Mo rí Elvis tó ń ti púsípúsí."

"Àṣálẹ́ ti ṣú. Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Ìyẹ̀fun! Ṣòkòtò rẹ̀ funfun bí lékeléke. Ta ni kò ní í rí i?"

Ajudan mi orí, inú rẹ̀ dùn. Modeste di ojú. Geneviève kọjú sí àbúrò rẹ̀.

"Brigitte. Ta ló rí ṣòkòtò yẹn kí o tó fọ̀ ọ́?"

"Kò sẹ́ni. Elvis wọlé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó bọ́ ọ sílẹ̀, ó sùn. Mo gbé e sínú omi."

"Gérard ńkọ́?"

"Gérard ń kọjá ni. Ó ní, 'Ìyàwó, aṣọ kí lẹ ń fọ̀ ṣáájú ìsìn?' Mo ní ṣòkòtò Elvis ni, pé mi ò mọ ibi tí ọmọ yìí ti lọ yí nínú ìyẹ̀fun."

"Ó ti sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ fún ọ kó tó di ìgbà yẹn?"

"Rárá." Ẹnu Brigitte là sílẹ̀. "Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló dúró, ó ronú, ó wá ní kí n pe bàbá rẹ̀ fún òun."

"Kí nìyẹn fi hàn?" Gérard dìde, ó fọwọ́ ti ìbàdí, ó rọra tún jókòó. "Mo rí ìyẹ̀fun lára rẹ̀ ní Sátidé, ìyá rẹ̀ rí i ní Àìkú. Ìyẹ̀fun kan náà ni!"

"Òótọ́ ni," Ajudan ní. "Ìyá, ẹ ti sọ ẹjọ́ mi di líle sí i. Ẹ ṣeun."

"Kò sí wàhálà." Geneviève tẹ̀ ba sábẹ́ tábìlì, ó fa sálúbàtà Elvis yọ, ó gbé e sókè, ó sì yọ ahọ́n jáde. Lójú gbogbo ènìyàn, ó lá gígísẹ̀ sálúbàtà náà.

Brigitte ké. Adèle tutọ́ sílẹ̀. Ajudan fò dìde. "Orí rẹ̀ ti dàrú!"

"Ó lẹ̀ mọ́ ahọ́n," Geneviève ní. Ó tún lá a. "Mo fọwọ́ gbọn ìyẹ̀fun ilé ẹ̀rọ, ó fò lọ. Eléyìí lẹ̀, ó ti gbẹ bí ọ̀dà. Ajudan, ẹ tọ́ ọ wò."

"Èmi? Kí n lá sálúbàtà afurasí?"

"Ẹ fẹ́ fi í sọ ọmọ ènìyàn sẹ́wọ̀n, ẹ ò lè fi ahọ́n kàn án?"

Ajudan wo ilẹ̀kùn, ó rí i pé kò sí ọ̀gá kankan tó ń bọ̀, ó fi ìka ha nǹkan funfun náà, ó fi kan orí ahọ́n. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ìyàwó mi ń jẹ nǹkan yìí," ó ní jẹ́jẹ́. "Lásìkò tó lóyún, kò jẹ́ kí n sùn. Ó ń jẹ ẹ́ bí ẹ̀pà."

"Mo jẹ ẹ́ títí mo fi bímọ tán," Geneviève ní. "Ẹfun ni. Nítorí náà, Gérard kò rí ìyẹ̀fun lára ẹnikẹ́ni ní Sátidé, torí pé kò sí ìyẹ̀fun níbẹ̀. Inú omi ìfọṣọ Brigitte ló ti rí i. Ìyá ló pè é ní ìyẹ̀fun, Gérard kàn gbé e wọ ọmọ lọ́rùn ni."

"Ó lè jẹ́ pé ojú mi ṣì mí," Gérard sáré sọ. "Funfun ni funfun! Ó kàn lọ sí ibi tí ẹfun wà, lẹ́yìn náà ó lọ jalè. Ẹ bi í! Ẹ bi í níbi tó ti rí ẹfun! Ẹ bi ọmọ katekísì!"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó mọ̀. Gbogbo ará abúlé ló mọ ibi tí ẹfun ń gbé.

Ajudan yíjú sí Elvis. "Níbo?"

Elvis wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Katekísì," Gérard ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ẹ ṣọ́ ẹnu yín o. Ìyá Adèle wà níbí, ẹgbẹ́ akọrin ni. Fadá á gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ìta ni wọ́n ti ń gbọ́ ọkọ̀ tó máa gbé Elvis lọ, dírẹ́bà ń mú un gbóná sílẹ̀. Geneviève, tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀, wo àna rẹ̀, kò sì ràn án lọ́wọ́.

Modeste tú bọ́tìnnì ọrùn.

"Ilé bàbá mi ni," ó ní.

"Kí lẹ wí?"

"Ilé òrìṣà bàbá mi, lẹ́yìn odò. Ẹfun ni wọ́n fi ń kun ògiri rẹ̀ lọ́dọọdún. Èmi ni mo ń kùn ún nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Láti ìgbà tí mo ti gba oyè katekísì, mi ò dé ibẹ̀ mọ́, mo sì fi òfin de àwọn ọmọ mi. Wọ́n sọ fún mi pé bàbá kò lè gbé ọwọ́ ga ju èjìká lọ mọ́. Mo gbọ́, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Elvis ni kò lè ṣe bẹ́ẹ̀."

"Láti àárọ̀ Sátidé ni mo ti wà níbẹ̀," Elvis ní, kò wo ẹnikẹ́ni. "Mo sùn síbẹ̀. Bàbá Àgbà ní kí n má sọ fún yín, kí ìjà má bàa bẹ́."

"Katekísì," Adèle ní, ohùn rẹ̀ tutù, "mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ o."

"Mo mọ̀ pé ẹ gbọ́. Ẹ sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́."

Ajudan rán jàndámù kan lórí alùpùpù. Nígbà tí ẹni náà padà dé, ó ti làágùn.

"Òótọ́ ni, ọ̀gá. Ògiri náà tutù, àwọn aládùúgbò sì rí i níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Baba náà bú mi. Ó ní kí n bọ́ bàtà. Ó ní apá òsì kò tíì tán, pé kí a dá òṣìṣẹ́ òun padà."

Gérard ti ń rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Gérard!" Geneviève pè é. "Kí o tó lọ, dọ̀bálẹ̀ fún katekísì. O ti parọ́ mọ́ ọmọ rẹ̀, o kò kúkú mọ̀ọ́mọ̀. Bẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ rẹ ṣáà ni."

"Mo... mo bẹ̀ yín o."

"Àyà nílẹ̀."

Gérard tẹ̀, ó dé ìdajì, ó lọgun, ó sì há síbẹ̀, kò lè lọ sílẹ̀, kò lè gòkè.

"Ní Sátidé tí mo rí ọ, o ń gbé àpò èédú lórí bí fìlà," Adèle ní. Ó dúró. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ fẹ̀, lẹ́yìn náà ó kéré bí abẹ́rẹ́. "Ẹ̀yìn rẹ! Ẹ̀rọ mi ló ṣe ọ́ lẹ́yìn!"

"Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wá," Geneviève ní, "òun nìkan ló gbé e lọ, pákó sì ṣẹ́ mọ́ ọn lábẹ́. Mo ń bi ara mi: èwo ni ti olè tó sáré lọ sọ fún olóhun? Àfi ìgbà tí mo rántí irú ẹni tó jẹ́. Tí ilé ẹ̀rọ bá ṣí láàárọ̀ Ajé, gbogbo abúlé á máa tú ilé kiri. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti bẹ̀bẹ̀ ní Àìkú, tí bàbá ti gbà, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ta ló ń wá nǹkan lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀? Ó kù kó rí ẹni tí wọ́n máa bẹ̀bẹ̀ fún, ó sì bá ìyá kan níbi tó ń fọ ṣòkòtò. Ohun tí kò mọ̀ ni pé Adèle kì í gba adìyẹ. Ajudan, ìgbà wo ni ọkọ̀ ń wá kó èédú Gérard?"

Ajudan kò dúró dáhùn. Ó ti mú fìlà.

Àárín àpò èédú, lẹ́bàá ọ̀nà ńlá, ni wọ́n ti bá ẹ̀rọ náà, wọ́n fi àpò wé e bí ọmọ tuntun. Wọ́n gbé Gérard wá sínú yàrá tí Elvis jáde nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì tẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti nà.

"Ẹ ò lè tì mí mọ́lé! Tí ẹ bá tì mí mọ́lé, ta ni á máa bá yín bẹ̀bẹ̀? Hẹn? Ta ni?"

Ó yani lẹ́nu pé àwọn tó wà níbẹ̀ ro ọ̀rọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀.

*

Elvis wọ sálúbàtà rẹ̀, èyí tí gígísẹ̀ rẹ̀ ti mọ́ fún lílá. Brigitte fẹ́ dì mọ́ ọn, Elvis gbà fún un, ṣùgbọ́n kò gbé ọwọ́ sókè. Ará abúlé tó ń ṣépè lánàá ti wà lábẹ́ máńgòrò, wọ́n ń sọ pé àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Modeste dúró lójú ọ̀nà rẹ̀. Bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀ ṣì là sílẹ̀.

"Elvis."

"Bàbá."

"Ebi ń pa ọ́?"

"Ẹ kò bi mí," Elvis ní. Kò pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ. "Ẹ bẹ Ìyá Adèle. Ẹ bẹ Ajudan. Ẹ ní kí n fọwọ́ sí i. Mo wà nínú yàrá tó kángun sí tiyín nígbà tí ẹ ń wá adìyẹ. Ògiri kan ló wà láàárín wa, Bàbá. Ẹ kò bi mí."

Modeste wo ìyàwó rẹ̀, ó wo Adèle, ó wo gbogbo ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ti tẹ́tí. Lẹ́yìn náà ó wo ọmọ rẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo jí ẹ̀rọ náà?" ó bi í.

Brigitte fọwọ́ bo ẹnu. Àwọn èrò hó. Geneviève ti gbé ẹsẹ̀ kan lé orí ọ̀kadà. Ó la ẹnu láti bú àna rẹ̀ ní èébú tí wọn kò bú ní ilẹ̀ Atakpamé rí, ó wo ojú ọkùnrin náà, ó sì pa ẹnu dé.

Elvis wo bàbá rẹ̀ títí.

"Rárá, Bàbá. Kì í ṣe èmi."

"Ó dára," Modeste ní. Ó sì mi orí lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ.